Ẹ Dúró Gbọ́ Èsì

Bí àdúrà bá ti parí ní ìjọ Aládùúrà wa ní Wilhelmsburg, tí a ń sáré wọ bàtà kí ọkọ̀ ojú irin S-Bahn má baà fi wá sílẹ̀, màmá tó ń darí àdúrà á pariwo: “Ẹ dúró gbọ́ èsì!”

Lọ́jọ́ kan, mo mú màmá náà lọ sí mùsíọ́ọ̀mù kan ní Berlin. Níwájú òkúta ojúbọ àwọn Gíríìkì àtijọ́, màmá bọ́ bàtà.

“Schuhe, bitte!” Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ló ń pariwo pé kí wọ́n wọ bàtà.

Màmá ní, “Sọ fún un pé ibi àdúrà ni òkúta yìí ti wá.”

Mo ka àlàyé tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta náà fún màmá: igi óákù kan wà ní ojúbọ náà láyé àtijọ́ tí àwọn èèyàn máa ń bi bóyá kí àwọn sọdá òkun.

“Kí ni igi náà wí?”

“Wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀, mà.”

Màmá rọra wọ bàtà wọn. “Èmi náà béèrè kí n tó sọdá òkun wá síbí. Mi ò dúró gbọ́ èsì.”