Ìwé Ẹrù Káǹpù Tí Bàbá Mi Kà

Nígbà tí mo wà ní kékeré níbí ní Ìwó, kò sí ohun tó wù mí tó kí n lọ sùn níbi tí kì í ṣe ilé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn sílé ọ̀rẹ́, tí ẹ ń sùn sílé ìwé, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ tó jẹ́ pé ilé àti oko nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí olórí ẹgbẹ́ àwa ọmọbìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kéde pé a máa lọ káǹpù ọjọ́ mẹ́ta ní Kuta, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ti gbọ́ lẹ́nu mi kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo tún fi kún un fún wọn pé ẹni tó bá ti lọ sí káǹpù kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Olórí wa yìí, tíṣà ni, kò tíì dàgbà púpọ̀, àmọ́ ó le bí ojú ẹja. Ó fún wa ní ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Àwọn ẹrù tí a máa dì ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹni tí ohun kan bá kù nínú ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ tó gbé e lọ náà ló máa gbé e padà sílé. Ẹ̀rù bà mí. Bí wọ́n bá dá mi padà, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn tí mo ti fọ́nnu sí?

Bàbá mi ló ka ìwé náà fún wa. Ó fẹ́ràn kó máa kàwé sókè, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Abọ́ kan, ṣíbí kan, aṣọ ìbora, ọṣẹ àti kànìnkàn, pákò, tọ́ọ̀ṣì, gààrí kóńgò kan. Bó ṣe ń kà ni ìyá mi ń kó wọn jọ. Mo fẹ́ mú abọ́ tánganran tó ní òdòdó lára. Ìyá mi ní kí n fi sílẹ̀, abọ́ tó bá já bọ́ tí kò ní fọ́ ni mo máa gbé. Mo fẹ́ mú bàtà ọdún mi. Ó ní ẹrẹ̀ Kuta ò mọ bàtà ọdún yàtọ̀. Sálúbàtà ni mo mú lọ.

Bàbá mi wá dé ìlà tó gbẹ̀yìn, ó dúró. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé ìgbà yẹn ò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì kékeré tó máa ń wà lábẹ́ lẹ́tà. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni: "Ki olukuluku mu eni kan wa."

"Kí olúkúlùkù mú ẹnì kan wá," ni bàbá mi kà. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Wọ́n gbọ́n o. Wọ́n fẹ́ kí àgbà kan tẹ̀ lé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa bá a lọ báyìí?"

Ìyá mi ń tọ́mọ lọ́wọ́, bàbá mi sì ní iṣẹ́ lóko. Ìyá ìyá mi ló wá kí wa lọ́jọ́ náà láti agboolé wọn. Mùsùlùmí ni ìyá àgbà, kò sì sí wákàtí ìrun tó ń kọjá lórí rẹ̀. Ó ní, "Ṣé omi wà níbẹ̀? Bómi bá ti wà, mà á bá ọmọ mi lọ."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Ta ló ń mú ìyá ìyá rẹ̀ lọ síbi tó fẹ́ lọ di àgbà? Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé wí nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí ohun kankan kù nínú ẹrù mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, mo dé ìdí ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí wo èèyàn tí àwọn ẹgbẹ́ mi mú wá. Mi ò rí èèyàn kankan. Ẹní ni mo ń rí: ẹní lábíyá eléyìí, ẹní lórí tọ̀hún. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹní tí a ń tẹ́ sùn ni tíṣà ní lọ́kàn. Ara mi bù máṣọ. Ilé ti jìnnà, dẹ́rẹ́bà ti ń pariwo pé ká wọlé, ìyá àgbà sì ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bi í léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Tíṣà rò pé èrò Kuta ni.

Nígbà tí a dé ilé ìwé tí a fẹ́ sùn sí, tíṣà ní kí gbogbo wa tú ẹrù wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kàn mí.

"Ẹní rẹ dà?"

Mo na ọwọ́ sí ìyá àgbà.

"Mo ní ẹní rẹ dà?"

"Ìyá ìyá mi nìyẹn, mà. Bàbá mi ní ẹnì kan lẹ kọ."

Ẹ̀rín sọ! Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé gààrí ẹlòmíì. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo dẹ́rẹ́bà tó ti ń yí orí ọkọ̀ padà. Omijé wá bọ́ lójú mi.

Ìyá àgbà dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀ wá. Tíṣà kúnlẹ̀ kí i. Ìyá àgbà dá a lóhùn dáadáa kó tó béèrè pé, "Kí ló kù nínú ẹrù ọmọ mi?"

"Ẹní ni, mà."

Ìyá àgbà tú ẹrù. Búútà jáde, tẹ̀sùbáà jáde, lẹ́yìn náà ló fa ẹní tó fi ń kírun yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. "Ẹní rèé. Bó bá sì jẹ́ pé èèyàn lẹ fẹ́, èmi rèé. Èwo ló tún kù?"

Ẹ̀rín wá borí tíṣà títí ó fi di òpó mú. Ó juwọ́ sí dẹ́rẹ́bà pé kó máa lọ. "Kò ku nǹkan kan mọ́, mà," ló wí.

Ọjọ́ mẹ́ta tí a lò níbẹ̀, orí ẹní yẹn ni mo sùn, ìyá àgbà tẹ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí asùbáà bá tó, á rọra gbé mi sórí ìró, á kírun rẹ̀ tán, á tún gbé mi padà. Àìmọye ìgbà ni mo díbọ́n pé mo ń sùn kó lè gbé mi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn tó fi mí ṣẹ̀sín, tí àárò ilé ń sọ, ti kó ẹní wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Tíṣà gan-an ò se ọbẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá àgbà tọ́ ọ wò. Mi ò di àgbà ní káǹpù yẹn rárá, ó sì dùn mọ́ mi.

Ayé ti yí padà, mi ò bá a jà. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi ń lọ káǹpù lọ́lidé tó kọjá, ó di tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mórí, ó di ibùsùn tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Orí fóònù ni ìwé ẹrù wọn ti wá. Kò sẹ́ni tó lè ṣì í kà, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gbé wa dé ẹnu géètì. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ibí làwọn òbí ń dé mọ." Òótọ́ ló sọ, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ọmọ mi juwọ́ sí mi, ó wọlé láìsunkún, inú mi sì dùn sí i. Mo padà sínú kẹ̀kẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń jowú ìyá ìyá mi.