Ìwé Tí Kò Ṣí

Bí Hùmúàní bá ti ta tòmátì rẹ̀ tán ní Mile 12, tó sì dé ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀, kó tó tú gèlè lórí pàápàá, á ti kọjú sí Ràhmát ọmọ rẹ̀: "Ṣé ìwé yẹn ti ṣí?"

Ọ̀rọ̀ Mutolib, ẹ̀gbọ́n Ràhmát, ló fà á. Ọkọ̀ ojú omi ló fi ń kó èrò kọjá nígbà omíyalé ọdún 2007. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá òkú rẹ̀ lódò. Ọlọ́pàá ní omi ló gbé e. Àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn tó bá a jà lálẹ́ àná ló lù ú pa kí wọ́n tó jù ú sómi. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín bí ẹ̀sìn ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ta ló rántí ìwádìí?

Nígbà tó kan Ràhmát láti ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ní yunifásítì, ewéko tíntìntín inú omi, tí ojú lásán ò lè rí, ló mú. Olùkọ́ wọn ti sọ pé ẹni tó bá rì sómi máa ń fà wọ́n símú, wọ́n á sì wọ inú mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ lọ. Òkú tí wọ́n jù sómi kì í mí ní tirẹ̀, nítorí náà wọn kì í dé inú eegun rẹ̀. Ràhmát lọ sọ èyí fún ìyá rẹ̀. Àṣìṣe ńlá gbáà! Láti ọjọ́ náà ni Hùmúàní ti gbà pé ìwé kan wà níbì kan tó máa sọ ohun tó pa ọmọ òun.

Kọ̀ǹpútà wà nílé ìkàwé yunifásítì lóòótọ́. Àkọlé àpilẹ̀kọ á jáde rẹpẹtẹ, wọ́n á fi ìpínrọ̀ kan han Ràhmát, bí ìgbà tí wọ́n fi ẹran han ọmọdé tí wọ́n tún dá a padà sínú ìkòkò, wọ́n á wá ní kó san dọ́là kí ìyókù tó ṣí.

"Kò ṣí," ni Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà tó ń bójú tó ibẹ̀ máa ń wí. "My dear, ní sùúrù."

Ó ní sùúrù títí ó fi sú u. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin náà pè é: "Ràhmát, wá o! Wọ́n ti fún wa ní pásíwọ́ọ̀dù tuntun."

Àpilẹ̀kọ tó ti ń wá ṣí gbayawu. Òótọ́ ni, ni ìwé wí, eegun lè pa ẹ̀rí náà mọ́ nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ hú òkú, kí wọ́n la eegun itan rẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ wé omi odò tí wọ́n bù lọ́jọ́ tí wọ́n rí òkú.

Ta ló bu omi lọ́jọ́ náà? Kò sẹ́nìkan. Bẹ́ẹ̀ Ràhmát mọ ìyá rẹ̀: bó bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ilé ààfáà ló máa sáré lọ, á kúnlẹ̀, á bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n hú Mutolib. Wọn ò ní gbà. Bí wọ́n bá sì gbà, òfo náà ni. Ràhmát tẹ ẹ̀dà kan jáde, ó sì ń sunkún.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ó ti ṣí?"

Ẹ̀dà ìwé náà wà nínú báàgì tó gbé kọ́ èjìká.

"Rárá, Mọ́mì. Kò ṣí."

"Kò burú," ni Hùmúàní wí, ó sì ń bu oúnjẹ fún un. "Á ṣí lọ́la, ní agbára Ọlọ́hun."