Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Pè É

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, èmi ni akọ̀wé tó ń tọ́jú káàdì aláìsàn ní ọsibítù kan l'Ákùúrẹ́. Yàrá mi kò ní fèrèsé. Dúrọ́ọ̀ káàdì ló yí mi ká, àárín wọn ni mo sì ń há sí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Dókítà kì í fún ẹnikẹ́ni lóògùn láìkọ́kọ́ béèrè káàdì rẹ̀, kó lè mọ ohun tó ti ṣe é rí. Nítorí náà, orúkọ tí bàbá sọ ọmọ ni òfin ní ká kọ. Ẹni tó bá fọ̀rọ̀ falẹ̀, màá jágbe mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ilé kan mú àbúrò ọkọ rẹ̀ wá, géńdé tó ń ṣe káfíńtà. Ọmọ Oǹdó bíi tèmi ni obìnrin náà, ó sì ti pẹ́ tí etí mi ti gbọ́ èdè wa. Mo béèrè orúkọ. Ó ní òun kò gbọdọ̀ pè é, pé ó ti wà nílé kí òun tó wọlé ọkọ. Ìnagijẹ tí òun fi ń pè é ló sọ. Ká ní ọmọ ìlú mìíràn ni, ǹ bá ní kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá. Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì tí wọ́n gún un lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Dókítà fi tàdáwà pupa kọ ọ́ sára káàdì pé wọn kò gbọdọ̀ fún un mọ́ láéláé. Àwọn ará ilé rò pé àìsàn náà ló le.

Lọ́dún kejì, ìyá rẹ̀ gbé e dé láti oko Ìta-Ògbólú. Ibà ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ìyá pe orúkọ àbísọ rẹ̀, mo tú dúrọ́ọ̀, n kò rí nǹkan. Ó ní wọ́n ti gbé e wá síbí rí.

Mo jágbe mọ́ ọn. "Màmá, ẹ ṣì í gbọ́ ni. Káàdì wa kì í purọ́."

Mo kọ káàdì tuntun fún un, wọ́n sì gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù. Mo ṣì ń bínú nígbà tí ìyàwó ilé yẹn gbé ẹ̀kọ gbígbóná kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo rántí ìnagijẹ tó ní kí n kọ. Dúrọ́ọ̀ kan péré ni mo fà, káàdì náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo sáré dé wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ti ń nu ojú abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì. Kò pé wákàtí kan tó fi kú.

Mo ti káàdì náà bọ àpò. Bí mo bá fà á yọ, iṣẹ́ mi lọ, wọn á sì lé obìnrin náà jáde pé ẹnu rẹ̀ ló pa ọmọ wọn. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Mo sọ fún ara mi pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe dákẹ́. Irọ́ ni. Ara mi ni mo ń gbà là.

Nírọ̀lẹ́, obìnrin náà wá sọ́dọ̀ mi, ó fi èdè wa bi mí pé ṣé kì í ṣe orúkọ tí òun sọ ló fà á tí n kò fi rí káàdì. Mo ní rárá o, káàdì náà ló sọnù. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run bá mi wá a rí.

Ó pẹ́ tí mo ti padà sí Oǹdó. Káàdì náà wà nínú àpótí mi. N kò lè dáná sun ún, n kò sì lè fi han ẹnikẹ́ni.