Nọ́ńbà Pàjáwìrì Tí Wọ́n Fi Ń Kí Wa

Fún ọdún mẹ́ta gbáko, iṣẹ́ mi ni kí n máa ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí wọ ọ̀nà Lágelú, kí n máa kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń fi fóònù pe ìrànlọ́wọ́. Nọ́ńbà náà kò gùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí kò tilẹ̀ sí kọ́bọ̀ lórí fóònù ẹ, ó máa lọ. Bí ilé bá ń jó, bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, bí ọ̀kadà bá gbá ọmọ, tẹ nọ́ńbà náà, áńbúláǹsì á gbéra láti Ẹ̀gbẹ́dá. Mo ti ṣe tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó wọ ọ́fíìsì yìí. Mo ti kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní ìṣirò, ó sì mọ̀ ọ́n. Kí ló wá kù tí mi ò lè kọ́ àgbàlagbà?

Èmi náà ni mo jókòó kọ ìwé tí àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé ìpè ní ọ́fíìsì ń tẹ̀ lé. Ọmọ tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni mí. Nílé wa, bí iná bá tilẹ̀ ń jó aṣọ bàbá mi lára, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn kí o tó sọ fún wọn. Nítorí náà, ìlà kìn-ín-ní tí mo kọ ni pé: kí ẹni tó pè dáadáa, kí o sì béèrè bóyá àlàáfíà ni. Ọ̀gá mi yìn mí, wọ́n ní ó hàn pé wọ́n kọ́ mi nílé. Mo ra mínírà tútù fún ara mi lọ́jọ́ náà. Ìlà yẹn ló padà kó bá mi.

Abúlé kan wà lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá tó jẹ́ pé bí o ò bá rí ọ̀kadà, àárín oko ẹ̀gẹ́ ni wàá fẹsẹ̀ là dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ọmọ ìjọ Àládùúrà. Ìyá arúgbó kan wà tó ń gbẹ̀bí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gbogbo abúlé ń pè wọ́n ní Ìyá Àgbẹ̀bí. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀, wọn kì í wọ bàtà, ojú wọn kì í sì í fi ènìyàn sílẹ̀ tí wọ́n bá ti gbé e lé e. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, mo dúró níwájú wọn, mo ní, "Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣàdédé dákú..."

Ìyá Àgbẹ̀bí dá mi dúró. "Tíṣà, ta ló máa dákú?"

Mo ní àpẹẹrẹ ni, mà.

Wọ́n ní kí n lọ fi ilé ara mi ṣe àpẹẹrẹ.

Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn. Mo ní, ó dáa, bí èmi tíṣà bá dákú ńkọ́? Ara gbogbo wọn wálẹ̀, wọ́n ní kí n máa bá a nìṣó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní abúlé yẹn, èmi ni gbogbo ibi ń ṣẹlẹ̀ sí. Ejò bù mí jẹ níbẹ̀, mo jábọ́ lórí ọ̀kadà, mo fi omi gbígbóná jóná, mo bímọ lójú ọ̀nà. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa, ẹnìkan á wá mú fóònù, á sọ ohun mẹ́ta tí mo kọ́ wọn: kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló ṣẹlẹ̀ sí, níbo ni kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, èmi á dìde gbọn eruku. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn kan ń bi mí lọ́jà Ẹ̀gbẹ́dá pé irú ikú wo ni mò ń bọ̀ wá kú lóṣù tó ń bọ̀.

Ohun tí mi ò fi sọ́kàn ni pé Àládùúrà kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Ibà lè máa gbọ̀n ọ́n títí eyín rẹ̀ á fi máa lu ara wọn, bí o bá kí i, "Ara mi le" ni yóò sọ. Wọn kì í ṣe òpùrọ́. Wọ́n gbà pé ohun tí ènìyàn bá fẹnu jẹ́wọ́ ló máa rí, wọn ò sì fẹ́ yá ibi ní ẹnu wọn lò. Kí n má tàn yín, èmi ọmọ Áńgílíkà náà ń ṣe é. Orí ti ń fọ́ mi fún bí oṣù kan nígbà náà, bí ẹ bá sì bi mí, mo máa ní kò sí nǹkan, oorun ni mi ò sùn tó.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi pè mí wọ yàrá wọn, wọ́n ní kí n wá gbọ́ ìpè tó ń ti abúlé yẹn wá. Ẹ̀rọ ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sí i, mo mọ ohùn obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ti já bọ́ láti orí ọ̀pẹ lọ́jọ́ tó pè.

Ọmọbìnrin wa tó gbé ìpè náà ní, "Ẹ káàsán, mà. Ṣé àlàáfíà ni?"

Obìnrin náà ní, "Àlàáfíà ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́, mà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí o. Baba àwọn ọmọ mi ló sinmi díẹ̀ sábẹ́ ọ̀pẹ, ni mo ní kí n fi tó yín létí."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnìkan ń kérora nínú fóònù bíi màlúù. Ọmọbìnrin wa ní kí wọ́n bá òun kí bàbá, ó gé fóònù, ó kọ "ìkíni" sínú ìwé. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé ọkùnrin náà dé ọsibítù, ó jókòó láàárín ènìyàn méjì, egungun itan rẹ̀ ti dá. Igi ló fi ń rìn títí dòní.

Mo rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Lẹ́yìn náà mo rí ojú ọ̀gá mi, ẹ̀rín náà sì kú sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ìkíni, ìkíni, ìkíni. Gbogbo ojú ìwé ló jẹ́ ìkíni." Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń pín owó ètò náà, owó ọ̀hún kò sì pọ̀. Ìgbìmọ̀ ti ka ìwé yẹn, wọ́n ní ó jọ pé àwọn ará abúlé Ẹ̀gbẹ́dá wà ní àlàáfíà jù, kí wọ́n kó áńbúláǹsì lọ sí àárín ìlú níbi tí wọ́n ti ń ṣàìsàn. Wọ́n fẹ́ wá fi ojú ara wọn rí abúlé náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n nílò rẹ̀, ó máa dúró. Bí wọn ò bá rí i, ó lọ nìyẹn, ọ̀kadà ni aláìsàn á sì máa gùn.

Mo gbéra lọ bá Ìyá Àgbẹ̀bí lọ́jọ́ kejì, inú ń bí mi. Mo ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ máa sọ áńbúláǹsì yìí nù. Bí àwọn ènìyàn yẹn bá dé tí wọ́n bá béèrè, ẹ ṣáà sọ pé ẹ ní ìṣòro."

"Ìṣòro ta?"

"Ìṣòro yín, mà. Ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn dá."

"Ó ń rìn báyìí, àbí kò rìn?" Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nígbà náà, wọn ò gbójú sókè. "Èmi náà ní ìbéèrè. Ọmọ yín bi aya ọmọ ènìyàn pé ṣé àlàáfíà ni. Kí lẹ fẹ́ kó dáhùn? Pé kò sí àlàáfíà? Ta ló ń dáhùn báyẹn nílé tiyín? Ta tiẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀, mà.

Mo mọ̀, dájúdájú mo mọ̀. Láti ibẹ̀ títí mo fi dé ojú títì ni mò ń gbọ́ ìlà kìn-ín-ní yẹn létí. Ó yẹ kí n lọ bá ọ̀gá mi kí n sọ pé ọ̀gá, èmi ni mo ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yìn mí, mo sì ti mu mínírà lórí ìyìn náà. Ojú tì mí, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ìgbìmọ̀ dé ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, ẹni mẹ́ta. Alága wọn kò tó àbúrò mi, ó wọ kóòtù nínú ooru, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn ìkíni àti àdúrà, alága dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin òbí wa, ṣé ẹ máa ń ní ìjàǹbá níbí? Àìsàn òjijì, iná, nǹkan báwọ̀nyẹn?"

Ẹ ò rí nǹkan. Gbogbo ọgbà dáhùn pọ̀ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i. Wọ́n gbé ọwọ́ yí orí po, wọ́n sì jù ú sẹ́yìn. Alága kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ wá nílò áńbúláǹsì?" Wọ́n ní àwọn ò ní nílò rẹ̀ láéláé lórúkọ Jésù. Ọkùnrin ọlọ́pẹ yẹn fi igi rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde, ó ní òun fẹ́ jẹ́rìí, ó ní kò sí ohun kankan tó ṣe òun rí. Àmín tí wọ́n ṣe sí i mi ilẹ̀. Alága pa ìwé rẹ̀ dé.

Ni mo bá fò dìde. Ohun tí mo fẹ́ sọ kún inú mi, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ìlà kìn-ín-ní, mo fẹ́ sọ ti igi ọ̀pẹ. Ahọ́n mi kò yí. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún, kò gbé. Ilẹ̀ sún mọ́ mi, mo sì wà lórí rẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo gbọ́ ọ gedegbe. Ẹnìkan ní, "Tíṣà tún ti bẹ̀rẹ̀." Ẹlòmíràn ní ti òní dára ju ti oṣù tó kọjá lọ. Wọ́n ń ṣàlàyé fún alága pé bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn nìyí, alága náà sì ń rẹ́rìn-ín. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń fi ojú wá ẹni tó máa mọ̀. Ẹ̀rù bà mí, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é kó dùn sọ.

Ìyá Àgbẹ̀bí wá kúnlẹ̀ tì mí. Wọ́n tẹ́jú mọ́ mi. "Tíṣà, ṣé ara ẹ le?"

Mo sì dáhùn. Mo fi ìdajì ẹnu tó kù fún mi sọ pé, "Ara mi le, mà."

Ìyá náà ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n mọ ojú ẹni tí ọ̀ràn ti dé bá. Wọ́n mú fóònù nínú báàgì mi, wọ́n tẹ nọ́ńbà náà, wọ́n sì gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, bí mo ṣe kọ́ wọn. Ọmọbìnrin wa gbé e. "Ẹ káàsán, mà. Ṣé àlàáfíà ni?"

Láti ibi tí mo wà, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbẹ̀bí nìkan ni mò ń rí, eruku bò ó, àwọn ọmọ ìka rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú.

"Rárá," wọ́n ní. "Kò sí àlàáfíà. Tíṣà ṣubú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan ti kú. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà tó wà lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ máa sáré bọ̀."

Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Kò sí ẹni tó ṣe àmín.

Áńbúláǹsì dé kí kóòtù alága tó gbẹ, nítorí alága ti fi ṣe ìrọ̀rí fún mi, ó sì ti fi nu omi tí wọ́n dà sí mi lójú. Òun náà ló di ẹsẹ̀ mi mú nígbà tí wọ́n ń gbé mi wọlé. Wọn ò kó áńbúláǹsì lọ sí ìlú mọ́. Ọkọ̀ náà ṣì wà ní Ẹ̀gbẹ́dá di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ìyá Àgbẹ̀bí wá kí mi ní ọsibítù lọ́jọ́ kẹrin, pẹ̀lú omi àdúrà nínú ike. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn fi gbààwẹ̀ láti fi pa ọ̀rọ̀ burúkú tí àwọn sọ sí mi lórí rẹ́, èmi ni mo jẹ àwọn ní ààwẹ̀ náà, kí n yáa tètè gbádùn kí n wá san án. Mo jẹ́wọ́ ìlà kìn-ín-ní fún wọn. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ẹ kúkú béèrè pé níbo ni kí ẹ máa bọ̀. Ẹni tó dárúkọ abúlé rẹ̀ kò ṣépè fún ara rẹ̀." Ohun tí àwọn ọmọ wa ń béèrè nìyẹn báyìí. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ìlà náà. Bí bàbá mi bá rí i, wọn ì bá nà mí.

Ìyá ṣì jókòó níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Báwo ni ara?"

Mo ní, "Ara..."

Ìyá Àgbẹ̀bí gbójú lé mi.

"Orí ń fọ́ mi," mo ní. "Ọwọ́ ọ̀tún mi ò sì lè di síbí mú."

Nọ́ọ̀sì yọ bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.