Òkígbé Aránṣọ

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Akówónjọ, mi ò ní sọ òpópó tó wà. Àwọn tó mọ̀ mí ti mọ ibẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo ń bọ̀ láti Ìgàndò. Mo gbé gọ́mù léjìká, aṣọ líle tí a máa ń tẹ́ sínú kọ́là, odidi kan tí wọ́n ká bí ẹní. Àwọn ọmọ kan ń fi àdá lé ara wọn kiri ní ibùdókọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀yìn mi wá, ó ṣá mi léjìká. Nígbà tó rí ojú mi, ó ní, “Ẹ má bínú, Dádì, mo rò pé ẹlòmíì ni.” Ó sáré lọ. Gọ́mù ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àdá náà, èmi gba ìyókù. Wọ́n rán mi ní ọsibítù. Mo wo ojú rírán náà dáadáa, kò burú.

Kí n tó délé, àdúgbò ti gbọ́ pé mo ní òkígbé, oògùn tí kì í jẹ́ kí irin wọ ara. Awakọ̀ kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa wá kí mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe é fún yín?”

“Gọ́mù ni.”

“Mo gbọ́, gọ́mù. Ṣé inú gọ́mù ni wọ́n di oògùn náà sí?”

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, bí ènìyàn bá ti súnmọ́ mi, ara mi á máa gbọ̀n. Èyí kò dára fún aránṣọ. Ẹni tó máa gba ìwọ̀n ènìyàn, díẹ̀ ló kù kó dì mọ́ ọn. Mo wá ń jókòó sídìí màṣíìnì, mo ń fi ojú wọn àwọn oníbàárà lókèèrè. Mo rán ẹ̀wù kan fún ọkùnrin kan, kò lè gbé ọwọ́ dé etí láti kírun nínú rẹ̀. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ò padà wá mọ́. Àwọn mìíràn náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ òmíràn.

Ọmọ mi obìnrin, tó ti jáde yunifásítì tó ń wáṣẹ́, ló gbé géèmù rẹ̀ síwájú mi lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan. Géèmù àdáṣe ni, ìwọ nìkan lo máa rìn ín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní kí n yan ẹni tí mo fẹ́ jẹ́: jagunjagun tó ń fi idà jà lójúkojú, tàbí oṣó tó ń dúró lókèèrè ju iná.

“Èwo ni wọn kì í súnmọ́?”

“Oṣó, Dádì.”

“Fún mi ní oṣó.”

Ìyàwó mi gbọ́ láti kíṣìnì. “Àlàájì! Sìhírì nìyẹn o, idán pípa!”

“Inú tẹlifíṣọ̀n ló wà.”

“Àwọn málàíkà tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ò mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ni.”

Mo jó gbogbo ohun tó wà nínú géèmù náà láti ọ̀ọ́kán. Inú ọmọ mi ò dùn.

“Àwọn tó ṣe é ò wọ̀n ọ́n dáadáa. Jagunjagun ń jìyà, oṣó ń jayé.”

Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹjọ́ tèmi. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí mi, oògùn tó bá lágbára gbọ́dọ̀ ní èèwọ̀. Ẹni tó ní kánàkò, tó ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú, ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn. Oṣó inú géèmù ń jẹ ohun gbogbo. Bí agbára rẹ̀ bá tán, á mu omi ìgò kan, ó ti parí.

“Wọ́n gbàgbé èèwọ̀,” mo ní.

“Ó ní èèwọ̀. Ẹ ò tíì débẹ̀ ni, jàre.”

Mo débẹ̀. Inú ihò tóóró kan ni. Ẹnìkan gba ẹ̀yìn oṣó mi yọ pẹ̀lú àdá, ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan, oṣó kú. Mo gbé pádì tí mo fi ń darí rẹ̀ kalẹ̀, mo jáde lọ wo aṣọ tí a sá. Kò tíì gbẹ. Mo dúró tì í títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Nígbà tí mo wọlé, ọmọ mi ti yan jagunjagun fún mi. Kò sọ̀rọ̀ nípa èjìká mi.

“Ẹ gbé asà sókè. Bó bá ti na àdá, ẹ má sá sẹ́yìn, ẹ wọlé tọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti súnmọ́ ọn tán, àdá ò ráyè ṣá yín mọ́.”

Mo kú, mo tún kú. Lẹ́yìn náà mi ò kú. Mi ò gbádùn rẹ̀.

“Èyí oṣó, èyí jagunjagun,” mo ní, “téèpù wo ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀n wọ́n?”

Ó wo ọrùn mi. “Èyí tó wà lọ́rùn yín yẹn.” Ó dìde, ó na apá méjèèjì. “Mo fẹ́ rán bùbá.”

“Mo mọ ìwọ̀n rẹ.”

“Ti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì lẹ mọ̀. Ẹ wọ̀n mí, Dádì.”

Mo wọ̀n ọ́n. Téèpù ń gbọ̀n, ọmọ mi sì dúró gbọin-in, kò yí ojú sí mi.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo rán gọ́mù sí abẹ́ èjìká ẹ̀wù mi, níbi tí ojú ọgbẹ́ wà. Awakọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ wọlé, ó fẹ́ rán ṣòkòtò àti bùbá. Mo dìde, mo lọ bá a. Bí mo ṣe na téèpù, ọwọ́ rẹ̀ kan èjìká mi, ó kan nǹkan líle.

“Mo sọ ọ́!” Ó yára gbé ọwọ́ kúrò. “Àlàájì, kí ni èèwọ̀ rẹ̀?”

Mo rò ó díẹ̀.

“Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn mi wá.”

Ó mi orí, ó ní òun á sọ fún àwọn ará àdúgbò. Ó sọ fún wọn lóòótọ́. Nísinsìnyí, gbogbo oníbàárà mi ń gba iwájú wọlé, wọ́n á sì ti wúkọ́ láti ẹnu ọ̀nà.

“Na apá rẹ,” mo wí fún awakọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ó nà án. Mo gba ìwọ̀n rẹ̀.