Lẹ́tà tí mo kọ sí ọkọ mi nítorí kànga

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ bí mo ṣe kọ lẹ́tà sí ọkọ tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Ayé sójà ni, ìgbà tí owó oṣù tíṣà kì í tètè jáde. Ọmọ Èkìtì ni mí, Mowo là ń gbé, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àgbádárìgì. Omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́, kànga kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti ń pọnmi. Ni ẹgbẹ́ àdúgbò, ọkùnrin nìkan, bá fẹ́ ṣòfin pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí wọ́n máa ṣí i, kí omi lè sun dáadáa.

Aago mẹ́jọ kẹ̀! Ìgbà wo la máa wẹ ọmọ, ìgbà wo la máa dé ibi iṣẹ́? Ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́, ni akọ̀wé wọn. Mo bá a sọ ọ́ títí, ó ní kí n jẹ́ kí òun jẹun.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo ń ka ìwé kan láti fi kọ́ni nípa ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Mo rí obìnrin kan níbẹ̀ tó kọ lẹ́tà sí ọkọ rẹ̀ nígbà tí àwọn ọkùnrin ń dá orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀, pé kí wọ́n má gbàgbé obìnrin nínú òfin tuntun. Ọkọ fi í rẹ́rìn-ín! Òmíràn kọ ìwé lórí òfin ìlú, kò fi orúkọ sí i, àwọn èèyàn sì rò pé ọkùnrin ló kọ ọ́.

Lèmi náà bá mú bírò. Mo kọ ojú ìwé kan gbáko, nípa ọmọ tí a ní láti wẹ̀ kí a tó lọ síbi iṣẹ́, mo fi sáàárín ìwé ìpàdé rẹ̀.

Ní Sátidé, àwa obìnrin dúró létí fèrèsé ibi ìpàdé wọn. Ọkọ mi dìde, ó ka lẹ́tà mi láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní òun ló ronú ẹ̀! Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí kànga máa ṣí ní aago márùn-ún àárọ̀.

Ìyá Mautin, ará Ègùn tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bi mí pé ìgbà wo ni Bàbá Dúpẹ́ wẹ ọmọ rí. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun.

Nílé, mo rọra bi í léèrè. Ó ní tóun bá sọ pé obìnrin ló kọ ọ́, wọn ò ní gbọ́. Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló tún dùn mí jù. Mo ṣí ìwé yẹn fún un, mo ní kí ó ka ti obìnrin tí kò fi orúkọ sí ìwé rẹ̀. Ó gbà á, ó kà á tán.

Ní ìpàdé kejì, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn fèrèsé: ó wúkọ́, ó ní ìyàwó òun ló kọ lẹ́tà ọjọ́sí. Bàbá alága ní òun ti fura, ọgbọ́n inú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún akọ̀wé! Wọ́n ní kí n wọlé wá jókòó.

Bàbá Dúpẹ́ dá lẹ́tà náà padà fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àṣé èmi fúnra mi ò kọ orúkọ mi sí i!

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn: ẹ forúkọ yín sí i, kódà bó jẹ́ ọkọ yín lẹ kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti sọ ọ̀rọ̀ yín bí ẹni pé tirẹ̀ ni rí? Ẹ sọ fún wa o, ẹ sì fi orúkọ yín sí i!