Kẹ̀kẹ́ Tòkunbọ̀ Àlàájà Mùínátù

Ẹni tó bá ń wá ìjà Àlàájà Mùínátù, kó sọ fún un pé nǹkan kan kò yẹ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n orí ìwé lásán ni ìfẹ̀yìntì ọ̀hún wà. Àràárọ̀ ló ń lọ wo àwọn arúgbó mẹ́rin kan lápá Ìjagun, tó ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tó ń bá wọn fọ egbò, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọlọ́kadà ló ń dà á láàmú. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á gbé e. Bí kò bá wù wọ́n, wọ́n á ní ọ̀nà ibẹ̀ kò dáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró lẹ́bàá títì títí oòrùn fi mú. Kó tó dé ọ̀dọ̀ Màmá Tiwaladé, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, báńdéèjì ti lẹ̀ mọ́ egbò ẹsẹ̀ ìyá náà pinpin. Ìyá arúgbó kò ráhùn. Ó kàn ní òun rò pé wọ́n ti gbàgbé òun ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Mùínátù wọra.

Ìdí nìyẹn tó fi yà sọ́dọ̀ Gilbert, tó ń ta kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ lọ́nà Ìbàdàn. Ojú rẹ̀ lọ sára aláwọ̀ ewé kan.

“Ṣé ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ rà á fún?” Gilbert bi í.

“Èmi ni. Kí ló ṣe é tí owó rẹ̀ fi kéré báyìí?”

Gilbert kò purọ́. “Bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kò mú dáadáa, Àlàájà. Ṣéènì náà ti dógùn-ún. Mo lè bá yín pààrọ̀ ṣéènì, kí n sì wá nǹkan ṣe sí bíréèkì, àmọ́ ẹ ó máa rọra sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.”

Mùínátù gbé kẹ̀kẹ́ náà wò, ó yí pẹ́dà rẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge nọ́ọ̀sì ní Ìjẹ̀bú-Imúṣin, kẹ̀kẹ́ ló fi ń yí abúlé ká, nítorí náà gígùn kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Orúnkún ni. Bíréèkì ni. Ẹnu ayé náà sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbà bẹ́ẹ̀ láéláé.

“Má tíì tà á,” ló wí. “Màá fún ẹ lésì lọ́jọ́ Jímọ̀.”

Ìjẹ̀bú-Òde sì rèé, ojú tó ń woni kò lóǹkà. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Fàtímọ̀ ti dé pẹ̀lú obìnrin méjì, wọ́n gbé àpò ìrẹsì kékeré kan dání. Fàtímọ̀ ni olórí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n bí lásìkò kan náà, tí wọ́n jọ máa ń tò lọ kí Ọba lẹ́yìn Iléyá.

“Mùínátù, má ṣàlàyé kankan,” ni Fàtímọ̀ wí. “Sàárà ni. Ìwọ ṣáà gbà á.”

“Sàárà kẹ̀? Kí ló ṣe mí?”

“Wọ́n rí ẹ lọ́dọ̀ oníkẹ̀kẹ́. Tí nǹkan bá le tó bẹ́ẹ̀, ṣé kò yẹ kó o sọ fún wa?”

Ẹ gbọ́ nǹkan! Obìnrin tó ń jẹun rẹ̀ yó, tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ó yẹ kẹ̀kẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan péré, ó di aláìní! Mùínátù rẹ́rìn-ín.

“Nǹkan kan kò le fún mi. Mo fẹ́ fi máa lọ síṣẹ́ mi ni.”

Ojú Fàtímọ̀ yí padà. “Odidi Àlàájà! Lórí kẹ̀kẹ́! Tó o bá gùn ún, má bá wa tò níwájú Ọba lọ́dún yìí.”

Ọgbọ̀n ọdún ni Mùínátù ti ń bá wọn tò. Ó dùn ún, ó dùn ún gan-an. Ó wo Fàtímọ̀ látòkè délẹ̀.

“Mo ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ wọlé,” ló wí. “Ẹ ti bá mi rò ó tán. Ẹ fi ìrẹsì yẹn sílẹ̀, mo mọ ibi tó ń lọ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ búbá, ó gbé ìrẹsì náà lọ sọ́dọ̀ Gilbert, ó sanwó, Gilbert sì pààrọ̀ ṣéènì, ó di ìrẹsì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fún un. Ó kọ́kọ́ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Onímàrúwá kan ké sí i pé, “Ìyá, ẹ rọra o!” Mùínátù ní, “Ìwọ ni kó o rọra!” Ọ̀nà àbùjá wà tí kò ní jẹ́ kó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Fàtímọ̀. Kò gbà á. Ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì tẹ aago kẹ̀kẹ́ títí Fàtímọ̀ fi yọjú.

Oòrùn kò tíì mú nígbà tó dé Ìjagun. Màmá Tiwaladé fọwọ́ pa àpò ìrẹsì náà.

“Ta ló ní kó o gbé gbogbo èyí wá?”

“Sàárà rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ni, Màmá.”

“Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wọn. Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ṣé àwọn náà ló rà á fún ẹ?”

Mùínátù ti kúnlẹ̀, ó ń tú báńdéèjì. “Rárá o. Èyí, èmi ni mo rà á. Ẹ na ẹsẹ̀ yín wá.”